Òjò Àkọ́rọ̀ àti Ẹ̀yìn Àgbẹ̀

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, láàárín oṣù Ẹrẹ́nà sí oṣù Igbe, ìró ọkọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri. Ẹni tó ní éékà márùn-ún ń kọ ebè, ẹni tí kò ní ju ẹ̀yìnkùlé lọ ń gbin àgbàdo àti ẹ̀fọ́ sí i, ẹni tí kò sì ní ilẹ̀ rárá ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà kí àgbàrá má baà wọlé tọ̀ ọ́ wá. Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ọ̀pọ̀ ẹni tí kò fọwọ́ kan ọkọ́ láti ìgbà èwe ló tún padà sídìí rẹ̀. Wọn kò ṣe é fún eré. Àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba kéde pé ní oṣù kẹfà ọdún 2024, owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ.

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, irúgbìn àti katakata ni rédíò àti ìwé ìròyìn ń sọ ní àsìkò yìí. Ẹ̀yìn tí yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí iṣu tó wọlẹ̀, kò sí ẹni tó ń dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé kò sí ohun tó ń sọ ènìyàn di aláìlèṣiṣẹ́ káàkiri ayé tó ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, àti pé ní ọdún 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ó ń bá fínra. Àwọn kan nínú wọn wà ní Ṣakí, wọ́n wà ní Ìkirè, wọ́n wà ní Ìgbàrà-Òkè, wọ́n sì ń fi róòbù pa ìbàdí.

Ọkùnrin kan wà ní agbègbè Akínyẹlé, lẹ́yìn odi Ìbàdàn, tó fi ọdún 35 ṣe akọ̀wé ìjọba kó tó fẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ náà, ìfẹ̀yìntì, ní ìtumọ̀ tó dùn ún gbọ́: kí ènìyàn fi ẹ̀yìn ti nǹkan, kí ó sinmi. Ti ọkùnrin yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ kò tètè jáde, àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà ní yunifásítì, ilẹ̀ baba rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tó ń hu koríko. Ní Sátidé kan lẹ́yìn òjò kejì, ó gbé ọkọ́ tí baba rẹ̀ lò, ó sì pinnu pé igba ebè lòun yóò kọ kí ọjọ́ Àìkú tó ṣú. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè tó pè é ní igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ti ọkùnrin yìí kì í ṣe irọ́. Igba pé pérépéré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, kò lè wọ ṣòkòtò fúnra rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ó kúnlẹ̀ tó bá a ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá kí i ní àgbà ló dé. Ẹnì kejì ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé gbogbo ṣúgà tó ti jẹ ní ọ́fíìsì láti ọdún yìí wá ló sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí rẹ̀. Ó sì gbé àgbo wá nínú ìgò. Ẹnì kẹta kò sọ púpọ̀. Ó kàn mi orí, ó ní ilẹ̀ baba ẹni kì í ṣàìní ẹni tó ń ṣe ìlara rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó béèrè bí baba ṣe dúró nígbà tó ń kọ ebè.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ fisiotẹ́ráàpì ní ilé ìwòsàn ni ó kọ́kọ́ béèrè. Ó na ìgbálẹ̀ kan sí i, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi bí ẹ ṣe ń kọ ebè hàn mí.” Baba na ẹsẹ̀ méjèèjì ṣánṣán, ó tẹ̀ láti àárín ẹ̀yìn bí ọrun ọdẹ, ó sì ju ọwọ́ méjèèjì síwájú jìnnà. Kò tíì fa ìgbálẹ̀ náà tán tí ọmọbìnrin náà fi ní, “Ó ti tó, sà. Mo ti rí i.”

Ohun tó rí kò ṣòro láti yé ẹni tó bá ti gun jáńgílọ́fà rí. Bí ọmọ kan bá jókòó sí ìpẹ̀kun igi, tí èkejì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àárín gan-an, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín gbọ́dọ̀ wúwo ní ìlọ́po-ìlọ́po kí igi náà tó dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn rí. Nígbà tí ènìyàn bá tẹ̀ síwájú, orí, àyà àti apá, tí wọ́n lé ní ìdajì ìwọ̀n ara, ni wọ́n wà ní ìpẹ̀kun igi. Iṣan tó ń fà wọ́n padà kò ju bí ìka díẹ̀ lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Iṣan kékeré yìí ni ó ń ru gbogbo rẹ̀, kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀ rárá, kí iyẹ̀pẹ̀ tó kún ojú ọkọ́. Láàárín egungun ẹ̀yìn kan sí ìkejì ni àwọn àwo rírọ̀ kan wà tí wọ́n dà bí tìmùtìmù. Bí ẹ̀yìn bá tẹ̀ kọdọrọ, iwájú tìmùtìmù yìí ni ó ń gba ìfúnpá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń nà. Ẹ̀ẹ̀kan kò pa á lára. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni igba ebè.

Ẹsẹ̀ àti ìdí ni Ọlọ́run fi àwọn iṣan ńlá sí. Bí orúnkún bá rọ̀ díẹ̀, tí ìdí sì lọ sẹ́yìn bí ẹni pé ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ara yóò tẹ̀ láti oríkèé itan, ẹ̀yìn yóò sì wà ní gígùn. Ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Bí iṣẹ́ bá yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹsẹ̀ yà pẹ̀lú rẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ ìbàdí nìkan ni yóò yí bí ẹni ń fún aṣọ. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí baba tó mọ̀ ọ́n ṣe láìrò ó. Ó ní ó ń ṣe òun bí ẹni tó fẹ́ jókòó tí kò rí àpótí.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó le ju ọ̀rọ̀ iṣan lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá dúró nà ẹ̀yìn láàárín oko, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó bá ní ìbàdí ń dun òun, wọn yóò bi í pé ìbàdí wo ni ọmọdé ní. Ẹ wo ìgbálẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí ewé igi furúùtù bá ń já tí ó sì ń kún àgbàlá lójoojúmọ́, ọmọbìnrin ilé a fi ìgbálẹ̀ tí kò gùn ju apá lọ gbá gbogbo rẹ̀, orí rẹ̀ nílẹ̀, ìdí rẹ̀ lókè, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Igi gígùn tí yóò fi so ìgbálẹ̀ náà wà ní ẹ̀yìn ilé, okùn wà níbẹ̀, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá-ọkọ wo ni yóò rí ìyàwó tó dúró ṣánṣán gbálẹ̀ tí kò ní sọ̀rọ̀? Ìtìjú, kì í ṣe àìsí igi, ni ó ń tẹ ẹ̀yìn obìnrin náà.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn alágbàṣe oko, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò, ni wọ́n ń fi ọkọ́ tí èèkù rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ dín létúùsì láti òwúrọ̀ dé alẹ́. El cortito, kúkúrú, ni wọ́n ń pè é. Cesar Chavez, tó di olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ oko níbẹ̀, lò ó nígbà èwe rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì fún un ní ìsinmi títí ayé. Nígbà tí wọ́n béèrè fún ọkọ́ gígùn, àwọn olóko fèsì pé yóò ba ohun ọ̀gbìn jẹ́. Ìdí mìíràn wà tí wọn kì í sọ síta: bí gbogbo ènìyàn bá ń fi ọkọ́ kúkúrú tẹ̀ba, alábòójútó tó wà ní etí oko yóò tètè rí ẹni tó bá nàró láti sinmi. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1975, ilé ẹjọ́ dá àwọn òṣìṣẹ́ láre, ọdún náà kò sì parí kí ìjọba tó fòfin de ọkọ́ kúkúrú. Létúùsì kò bàjẹ́. California ṣì ń kó o jáde títí dòní.

Ní California, ọ̀gá ni ó fi ọkọ́ kúkúrú sí wọn lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí òfin tàbí ọ̀gá tó ní kí èèkù má gùn. Ọwọ́ ara ẹni ni àgbẹ̀ fi ń gé e kúrú.

Síbẹ̀, kì yóò dára kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọkọ́ kúkúrú kò wúlò. Ẹni tó bá ti kọ ebè rí mọ̀ pé iyẹ̀pẹ̀ ọ̀rinrin wúwo, pé agbára apá àti èjìká ni wọ́n fi ń wọ́ ọ jọ, àti pé láàárín iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo tí wọ́n gbìn pọ̀, ojú gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilẹ̀ kí ọkọ́ má baà gé èyí tí a gbìn pẹ̀lú èyí tí a kò gbìn. Níbi ìroko ni ọkọ́ gígùn ti ń gba ẹ̀yìn là jù: koríko kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí ilẹ̀ gbalasa, ìlà àgbàdo tó tò gún régé, ẹ̀yìnkùlé. Kí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn òjò ni irú koríko bẹ́ẹ̀ rọrùn láti hú. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó ga dé orúnkún ti fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ dógò.

Baba akọ̀wé gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ó ti kọ́kọ́ fi igi gígùn tó ga dé àyà rọ́pò èèkù rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọkọ́ náà kọ̀ láti wọlẹ̀; ńṣe ni ó ń gbọn ilẹ̀ pẹ́pẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú ọkọ́ kúkúrú máa ń wó sínú, nítorí pé láti ibi tó súnmọ́lẹ̀ ni ọwọ́ ti ń fà á. Bí èèkù bá gùn, ojú náà gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ kí ó lè bá ilẹ̀ pàdé dáadáa. Alágbẹ̀dẹ fi irin sínú iná, ó tẹ̀ ẹ́ padà, ó wo igi gígùn náà láti òkè délẹ̀, ó ní, “Bàbá, ṣé inú pápá ni ẹ fẹ́ ro ni, tàbí orí òrùlé?” Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ọkọ́ náà ń ṣiṣẹ́.

Fún ebè, ọkọ́ àtijọ́ ni ó ṣì ń lò. Ìyá kan tí oko wọn jọ pààlà, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ni ó kọ́ ọ ní ti ìyẹn láìsọ̀rọ̀. Bí ìyá náà bá ń hú koríko, apá òsì rẹ̀ kì í rọ̀ dirodiro. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ máa ń wà lórí itan, bí òpó tó gbé àjà ró, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ṣe díẹ̀, ó pàrọ̀ ọwọ́. Bí ó bá tún ṣe díẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí àpò tí ó ká. Ebè mẹ́wàá, ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbàdí, ó sì tẹ̀ sẹ́yìn wo ọ̀run. Ọmọbìnrin ilé ìwòsàn ti sọ nǹkan kan náà fún baba, ó kọ ọ́ sínú ìwé fún un pàápàá. Ìyá kò mọ̀wé kà.

Ti gọ́tà yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ẹrù ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti ayé ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọ́n ni ọ̀pọ̀ ìlú ti mọ Sátidé ìparí oṣù mọ́ ọjọ́ ìmọ́tótó, ọjọ́ tí akọ̀wé, tísà àti oníṣòwò máa ń gbé ṣọ́bìrì tí wọn kò fọwọ́ kàn láti oṣù tó kọjá. Ike ọ̀dà tó ń gba omi lítà 20, bí omi nìkan bá kún un, kílò 20 ni. Bí ó bá jẹ́ ẹrẹ̀ àti iyanrìn tútù ni ó kún un, yóò ju kílò 30 lọ dáadáa. Àjọ NIOSH ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń ṣe ìwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́, fi kílò 23 ṣe òdiwọ̀n ẹrù gbígbé, ìyẹn bí ẹrù bá sún mọ́ ara, tí ó wà ní ibi tó ga dé ìbàdí, tí ẹsẹ̀ sì dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Inú gọ́tà kò tẹ́jú, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ sì ni ẹrù wà. Ìdajì ike ni kí ó kún. Kí ẹni tó ń kó o dúró kọjú sí ibi tí yóò dà á sí, kí ó gbé e mọ́ àyà, aṣọ ìbáà dọ̀tí.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹrù, àṣà Yorùbá gbọ́n ju bí ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ ṣe mọ̀ lọ. Kò sí obìnrin tó ń dá gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ karí láti ilẹ̀ bí ènìyàn bá wà nítòsí. Yóò ké sí ẹni tó ń kọjá, ìbáà jẹ́ àlejò: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e rù.” Bó bá sì délé, yóò tún ké pe ẹni tí yóò sọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá bẹ̀ kì í kọ̀. Ó burú kí ènìyàn kọ̀. Láti ilẹ̀ dé orí ni ewu wà, ọwọ́ méjì tó kún ọwọ́ méjì sì ń gé ewu náà sí méjì. Ìlú ńlá ni àṣà yìí ti ń kú, níbi tí ọkùnrin kan ti ń dá gbé àpò símẹ́ǹtì kílò 50 kúrò nínú bóòtì ọkọ̀, tí àwọn aládùúgbò ń fi fèrèsé wò ó.

Ohun kan tún ti yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ẹsẹ̀ ni àwọn bàbá fi ń rìn lọ sí oko, máìlì kan, máìlì méjì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó dé ìdí ebè, ara ti gbóná, oríkèé ti rọ̀. Lónìí, ọ̀kadà ń já àgbẹ̀ sílẹ̀ ní etí oko láago mẹ́fà ààbọ̀, ẹni tó jí ní ìdajì wákàtí sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ènìyàn bá ń sùn, tìmùtìmù inú ẹ̀yìn máa ń fa omi mu, ó sì ń wú. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ga díẹ̀ láàárọ̀ ju alẹ́ lọ. Ní wákàtí àkọ́kọ́ yẹn ni títẹ̀ba ń fún un pa jù. Rírìn, rírúná, wíwo oko yíká, pípọ́n ọkọ́: iṣẹ́ ìnàró ni kí ó ṣáájú. Ẹni tó ń gbé ìlú, tó fi ọjọ́ márùn-ún jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tàbí nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ni kò yẹ kó fi gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà di Sátidé kan ṣoṣo. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ẹ̀yìn wà lára wọn.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, tí ẹ̀yìn ti mú ènìyàn, kí ó má sùn sórí ẹní fún odindi ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ kan, bóyá méjì, ó tó. Lẹ́yìn náà kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú irú ìrora yìí ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí ara bá ń ṣíṣẹ́. Bẹ́líìtì fífẹ̀ tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ kò sí lára ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún ìrora ẹ̀yìn tó ti pẹ́, nínú ìlànà tó gbé jáde ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2023; eré ìdárayá àti ẹ̀kọ́ nípa ara wà níbẹ̀. Oògùn ìrora tí wọ́n fi àgbo inú ọtí sìn lè dá egbò sí ikùn. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá sọ̀ kọjá orúnkún tí ẹsẹ̀ ń ku, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí ojú ara bá kú tipiri, bí ènìyàn kò bá lè tọ̀ tàbí tí ìtọ̀ ń dá jáde, tàbí bí ibà bá bá a wá, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, baba akọ̀wé kò dá oko náà ṣe mọ́. Ó fi ọgọ́rùn-ún ebè sílẹ̀ fún ara rẹ̀, ogún lójúmọ́, ó sì gba alágbàṣe fún irinwó yòókù. Ọ̀dọ́mọkùnrin Àgàtú kan ni. Iye ebè ni wọ́n fi ń sanwó fún un, kì í ṣe iye ọjọ́. Ẹni tó bá nà ẹ̀yìn, owó ara rẹ̀ ni ó ń nà dànù. Irú àwọn ọ̀dọ́ yìí ni wọ́n ń wá tramadol kiri ní ààrọ̀ kùtù, oògùn tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rà láìsí ìwé dókítà, kí ìrora má baà dá wọn dúró. Baba pè é jókòó, ó ní òun yóò san owó irinwó náà pé, òun yóò sì fi oúnjẹ ọ̀sán kún un, bí ó bá lè fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é dípò méjì. Ó fi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ láti oríkèé itan hàn án. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó tán, ó dúpẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán ọjọ́ kejì pọ́n, irinwó ebè ti pé, ó ti fọ ọkọ́ rẹ̀, ó sì ti wà lórí ọ̀kadà tó ń lọ sí oko ẹlòmíràn.